Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ Lórí Ilẹ̀ Onípákó àti Kóńtà Ìrókò

Àjọkẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti tẹ̀ mí lọ́wọ́: ilẹ̀ páìnì tí ẹ bá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nínú ilé yín ní Peckham, àti pákó ìrókò tí ẹ ti sanwó rẹ̀ fún kóńtà ilé ìdáná. O ní kí n dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa rà, tí ẹ ó fi kun méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀rọ̀ ò lè tán bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Ohun tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń ba kóńtà jẹ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́: bàtà, yanrìn tó há sábẹ́ bàtà, àga tí wọ́n ń wọ́ kiri, ohun ìṣeré ọmọdé. Omi ló ń ba kóńtà jẹ́. Ìkòkò gbígbóná tẹ̀ lé e, ọ̀bẹ ṣìkẹta. Nítorí náà, ilẹ̀ ń fẹ́ ohun tó le, tó máa jẹ ìyà náà dípò igi. Kóńtà ń fẹ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ lè tún ṣe lọ́sàn-án Sátidé láìpe oníṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta nǹkan ìkunlé fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ó máa ń dán. Ẹ bi í pé, tó bá bàjẹ́ níbi kan, kí ni a ó ṣe sí i?

Nínú iṣẹ́ igi wa, ohun tí a fi ń kun igi pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń dúró sórí igi. Ó ń gbẹ, ó sì ń di awọ tín-ín-rín tó bo igi mọ́lẹ̀. Fáníìṣì, lákà àti èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane, inú ìdílé yìí ni gbogbo wọn wà. Èkejì ń wọ inú igi lọ, ibẹ̀ ló sì ń gbẹ sí: epo línsíìdì, epo tung tó ti Ṣáínà wá, àti èyí tí a pò mọ́ ìda, tí wọ́n ń kọ hardwax oil sára agolo rẹ̀. Èmi á máa pè é ní epo onída. Ti àkọ́kọ́ le jù, ó sì ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n bó bá ti là tàbí tó bó níbi kan, o ò lè lẹ ojú ibẹ̀ nìkan kó má hàn. Àfi kí o ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o tún un kùn. Ti èkejì kì í le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó bá bàjẹ́ nìkan ni wàá fi sáńpépà ha, wàá fi epo pa á, ojú rẹ̀ á sì bá ti ìyókù dọ́gba.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pólíìṣì tí àwọn tó ń ṣe àga nílé ń lò, èyí tí wọ́n ń fi spirit yọ́, tí wọ́n ń fi òwú àti aṣọ pa lára igi títí á fi máa tàn. Oje kòkòrò kékeré kan tó ń gbé lára igi ní Íńdíà àti Thailand ni wọ́n fi ń ṣe é. Lára àga àti bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò gbígbóná ń sọ ọ́ di funfun, ọtí sì ń yọ́ ọ kúrò. Kò níṣẹ́ kankan ní ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ilẹ̀. Igi rírọ̀ ni páìnì. Bí a bá fi irin tẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń dán líle igi wò, ìrókò le ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bàtà gogoro kan ṣoṣo lè fi ojú sí i lára. Kò sí nǹkan ìkunlé tó lè yí ìyẹn padà, nítorí náà ẹ gbà pé ilẹ̀ yín máa ní àpá díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria ni, ó sì ti ní àpá kí wọ́n tó bí yín. Ohun tí ẹ ń dáàbò bò ni ojú igi, kí ìdọ̀tí má wọ inú rẹ̀, kí yanrìn má máa ha á.

Polyurethane tó ń lo omi ni mo yàn fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lo epo ti pẹ́ láyé, ó le, ó sì ń jẹ́ kí igi ní àwọ̀ oyin. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ pọ̀ gan-an, àkókò tó ń gbà láti gbẹ gùn: ọjọ́ kejì lẹ ó tó lè kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, àwọ̀ oyin yẹn á sì máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí páìnì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n bí ọsàn. Ẹ ní ọmọ tí ikọ́ fée ń ṣe. Ẹ ò lè máa sùn nínú òórùn bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń lo omi kò ní òórùn púpọ̀, láàárín wákàtí 2 sí 4 ó ti gbẹ débi tí ẹ lè fi kun èkejì lé e, kì í sì í yí àwọ̀ igi padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ẹ lè máa fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ohun tó gbẹ lójú ṣì ń le lọ ni.

Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àkàsọ̀, ibi tí gbogbo ilé ń gbà kọjá, ẹ wá èyí tí wọ́n ń pò mọ́ hádínà. Kò sí èyí tó le tó o nínú àwọn tó ń lo omi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ ara yín pò ó. Ọ̀pọ̀ nínú hádínà yẹn ní isocyanate nínú, isocyanate sì lè fa ikọ́ fée fún ẹni tí kò ní in rí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni í, tó ní ìbòmú tó yẹ àti ìbọ̀wọ́, bá yín kùn ún, kí ẹ kó ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú ilé dáadáa.

Ní ti dídán, ẹ ra èyí tí kì í dán, tí wọ́n kọ matt sára rẹ̀. Ó ń wù wá kí nǹkan máa kọ mọ̀nàmọ́ná, pàápàá bí àlejò bá ń bọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá ń dán ń fi gbogbo ìlà tí àga fà hàn, ó ń fi eruku hàn, ó sì ń fi ipasẹ̀ hàn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ ó ti máa wá ohun tí ẹ ó fi bò ó.

Ọkọ rẹ ní òun rí i níbì kan pé epo onída dára fún ilẹ̀. Kò parọ́. Ní Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n fi ń kun, ojú igi á rí bí igi gan-an, kò ní rí bí ike. Ní Dẹ́nmáàkì ẹ̀wẹ̀, ọṣẹ ni wọ́n ń fi fọ ilẹ̀ páìnì láti ayébáyé, títí ọṣẹ yẹn á fi di ààbò fún igi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a fi epo tàbí ọṣẹ kùn ń fẹ́ ẹni tó ní àsìkò, tó máa ń tún un pa déédéé. Ìwọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù, ọkọ rẹ ń wakọ̀, ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀. Ta ló fẹ́ máa fi epo pa ilẹ̀ yàrá mẹ́rin? Fáníìṣì tó ń lo omi ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sinmi.

Kí ẹ tó kun ohunkóhun, ojú igi gbọ́dọ̀ mọ́, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Mo rí àwọ̀ dúdú kan yí ẹ̀gbẹ́ yàrá ká nínú àwòrán rẹ, tí àárín sì funfun. Láyé àtijọ́, rọ́ọ̀gì ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín yàrá, ẹ̀gbẹ́ tó bá yọ nìkan ni wọ́n ń kùn. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ọdún 1992 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin dè é pé kí wọ́n má tà á fún gbogbo ènìyàn mọ́. Eruku òjé máa ń ṣe ọpọlọ ọmọdé níbi. Ẹ ra ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń dán òjé wò, ẹ fi í nu ibẹ̀ wò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan lé e. Bó bá ní òjé, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí kò bá ní, ẹ fi òòlù àti irin ṣóńṣó lu gbogbo orí ìṣó wọlẹ̀ kọjá ojú pákó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fa sáńpépà ya pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹ yá ẹ̀rọ tí ń fá ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà nọ́ńbà 40, kí ẹ bọ́ sí 60, lẹ́yìn náà 80, kí ẹ parí rẹ̀ sí 100 tàbí 120. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, ìlà tí èyí tó ṣáájú fà kò ní kúrò, ìgbà tí fáníìṣì bá gbẹ tán ni yóò sì hàn kedere. Ẹ bo imú. Láti ọdún 1995 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti fi eruku igi sára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ti ihò imú pàápàá. Àwọn oníṣẹ́ igi tí mo bá dàgbà kò bo imú rí, mo sì ń rí bí àyà ṣe ń dùn wọ́n lọ́jọ́ ogbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa da eruku inú àpò ẹ̀rọ náà síta lálaalẹ́, torí eruku tó ní fáníìṣì àtijọ́ nínú lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná.

Ó yá, kóńtà.

Inú mi dùn pé ìrókò lẹ rà. Igi wa ni. Igi Olúwéré, tí àwọn baba wa kì í kàn gbé àáké tì láìṣe ètùtù. Bí o bá dé ìsọ̀ àwọn onípákó ní Bódìjà n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, o máa gbọ́ tí wọ́n ń ṣàròyé pé ìrókò ba ayùn jẹ́, nítorí pé òkúta funfun máa ń wà nínú ìtí rẹ̀ nígbà mìíràn, òkúta tí igi náà fúnra rẹ̀ ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, orí tábìlì yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, ìrókò tàbí tíìkì ni. Ọdún gbọọrọ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi da oríṣiríṣi omi sí wọn, wọn ò jẹrà. Nítorí náà igi tó mọ omi ni, ẹ yan dáadáa.

Ṣùgbọ́n oje tó wà nínú ìrókò, tó ń lé kòkòrò, tó sì ń jẹ́ kó má jẹrà, oje yẹn kan náà kì í jẹ́ kí fáníìṣì olóróró àti epo tètè gbẹ lára rẹ̀. Ẹlòmíràn á kun ún lónìí, lọ́jọ́ kẹta ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, yóò wá máa bú ẹni tó ta fáníìṣì fún un. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi acetone tàbí spirit tí kò léèérí sínú aṣọ funfun, ẹ fi nu ojú pákó. Ẹ ó rí àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó máa kúrò lára rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ títí àwọ̀ yẹn á fi dín. Bó bá ti gbẹ, kí ẹ kùn ún lọ́jọ́ kan náà, kí oje má tún gòkè wá. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná gáàsì wà ní pípa, nítorí pé acetone ń gbiná kíákíá. Eruku ìrókò pẹ̀lú máa ń yún ara, ó sì ń fa ikọ́ fún àwọn kan, nítorí náà ìta ni kí ẹ ti fi sáńpépà ha á, kì í ṣe inú ilé.

Epo onída ni kí ẹ fi kun kóńtà, èyí tí wọ́n ṣe fún orí tábìlì àti ilé ìdáná ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ilẹ̀. Òróró súnfíláwà, sóyà àti ẹ̀gún tí wọ́n ń pè ní thistle ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ kan tó gbajúmọ̀, pẹ̀lú ìda tó ń ti ara ewé ọ̀pẹ kan wá ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, carnauba lórúkọ rẹ̀. Kíkùn rẹ̀ kò ṣòro, ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọwọ́ àwọn ènìyàn máa ń wúwo. Ẹ fi díẹ̀ pa á, kó tẹ́rẹ́. Ẹ nu èyí tí igi kò bá mu kúrò kí ó tó gbẹ. Ìpele méjì tó tẹ́rẹ́ dára ju mẹ́rin tó nípọn lọ, torí èyí tó bá nípọn kì í gbẹ dénú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni etí síǹkì. Ní gbogbo kóńtà onígi tí wọ́n ti pè mí sí kí n wá tún ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ayùn gé ihò síǹkì, ẹnu pákó á ṣí sílẹ̀, àwọn ihò tí igi fi ń mu omi nígbà tó wà láàyè á sì dojú kọ omi gbangba. Ẹnu pákó ń mu omi ju ojú rẹ̀ lọ lọ́nà tó pọ̀. Ẹni tó bá fi fáníìṣì kun orí kóńtà nìkan, tí kò fi kan ẹnu ihò náà, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á rìn lọ sábẹ́ fáníìṣì, igi á wú díẹ̀, fáníìṣì á là ní ìlà tín-ín-rín kan, omi á tún gba ìlà yẹn wọ̀, láìpẹ́ ẹ ó rí àwọ̀ dúdú tó ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ẹ̀rọ omi. Àwọ̀ dúdú yẹn kò ṣe é nù, abẹ́ awọ ló wà. Gbogbo fáníìṣì orí kóńtà ni wọn yóò ha kúrò kí wọ́n tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹ má fi fáníìṣì kan kóńtà yín, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á yìn ín tó.

Kí wọ́n tó gbé pákó náà kalẹ̀, ẹ kun ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbà fún oníṣẹ́ tó bá ní kò pọn dandan kí ẹ kun ẹ̀yìn. Bí ojú bá ní ààbò tí ẹ̀yìn kò sì ní, ẹ̀yìn á máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ojú kò ní mu, pákó á wá tẹ̀ kọrọdọ. Ní ẹnu ihò síǹkì àti ihò ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ máa fi epo kùn ún léraléra, ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín ọ̀kan sí òmíràn, títí igi á fi sọ pé òun ò mu mọ́. Níbi tó bá wà lókè ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ ike tàbí fóìlì sábẹ́ rẹ̀, nítorí ooru tó ń jáde bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ náà kì í fi pákó lọ́rùn sílẹ̀. Síkúrúù tó mú pákó mọ́ kábínẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà nínú ihò gígùn, kí igi lè ráàyè wú nígbà òjò kó sì sún kì nígbà tí híítà ilé bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dè é pinpin, yóò là.

Irin pẹ̀lú. Ẹ má fi wáyà tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò ha kóńtà láé, ẹ má sì jẹ́ kí agolo tútù tàbí ìkòkò irin sùn lórí rẹ̀. Bí irin bá pàdé omi lára igi, dúdú ni yóò fi síbẹ̀. Igi óákù ló burú jù nínú èyí, nítorí oje inú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìrókò dán an wò. Bó bá ṣẹlẹ̀, oxalic acid tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ń mú un kúrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi ṣan ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún fi epo pa á.

O béèrè bóyá epo náà máa wọ inú oúnjẹ. Lásìkò tó bá ṣì tutù, kí ẹ má gbé oúnjẹ lé e. Bó bá ti gbẹ dénú, kò ní wàhálà. Bí ọkàn rẹ ò bá tíì balẹ̀, wo ara agolo bóyá wọ́n kọ EN 71-3 sí i. Ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi lélẹ̀ fún ohun ìṣeré tí ọmọdé lè ki bọnu ni. Ohun tí kò dára ni kí ẹ mú òróró ẹ̀pà tàbí òróró ólífì láti inú kọ́bọ́ọ̀dù pa igi, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Òróró yẹn kì í gbẹ láé. Yóò máa lẹ̀, yóò kan, ilé ìdáná yín á máa rùn. Fún pátákó tí ẹ fi ń gé ẹran, líkúìdì páráfíìnì láti ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì tó. Òun náà kì í gbẹ, ṣùgbọ́n kì í kan.

Oúnjẹ wa ní tirẹ̀. Epo pupa àti kọ́rì ń fi àwọ̀ sílẹ̀ lára igi funfun. Ìrókò tirẹ̀ dúdú díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì túbọ̀ mú un dúdú sí i láàárín oṣù díẹ̀, nítorí náà kò ní hàn púpọ̀ tí ẹ bá tètè nù ún. Nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà, ẹ máa ṣí kẹ́tùlù àti àpótí búrẹ́dì kúrò lójú kan ní ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́ wọn á funfun ju ìyókù lọ. Ẹ má gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti orí iná lé kóńtà tààrà. Òṣùká tí Màmá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ gbé e sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gún iyán, kó má jẹ́ lórí kóńtà, kó má sì jẹ́ lórí páìnì lásán. Ẹ ká ẹní tó nípọn sábẹ́ odó.

Mo gbọ́ pé ẹnì kan ń dá yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dá ìrókò padà, kí ẹ ra òkúta tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní quartz. Òkúta yẹn ń pẹ́, kò sì ń fẹ́ epo. Ṣùgbọ́n eruku tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń gé e ti ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin jẹ́ débi pé Australia fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024. Máábù tí ọkọ rẹ fẹ́ràn, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì ń jẹ ojú rẹ̀. Ìrókò yín ti tó yín.

Ọ̀rọ̀ àkísà ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kí o kà fún gbogbo ilé. Epo línsíìdì, epo tung àti epo onída ń gbẹ nítorí pé wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, wọ́n sì ń gbóná bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Lára pákó, ooru yẹn ń fọ́n lọ. Nínú àkísà tí wọ́n ká jọ sínú báàgì, kò rí ibi lọ. Yóò máa gbóná títí yóò fi gbiná láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1991, ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún pákó ara ògiri ṣe fi àkísà olóróró línsíìdì sílẹ̀ ní àjà 22 nínú ilé alájà 38 kan tó ń jẹ́ One Meridian Plaza. Iná sọ lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Ó jó ju wákàtí 18 lọ, panápaná mẹ́ta kú, àjà 30 ni ẹ̀rọ tí ń da omi sílẹ̀ láti òkè ti dá a dúró. Àkísà ni.

Bí ẹ bá ti kùn tán, ẹ tẹ́ àkísà kọ̀ọ̀kan síta gbangba, lórí sìmẹ́ǹtì, kó má lé ara wọn, títí á fi gbẹ tó sì le. Tàbí kí ẹ rì wọ́n sínú omi nínú agolo onírin tó ní ìdérí. Kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé ní òru ọjọ́ náà, ì báà ṣe ẹyọ kan.

Ní ti ìtọ́jú, kò pọ̀. Ní ilẹ̀, ẹ lẹ aṣọ rírọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ gbogbo àga, ẹ fi ẹní ìnusẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí bàtà dúró síbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró nílé wa. Mọ́ọ̀pù tí ẹ fún dáadáa ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má da omi sí i, ẹ má sì lo èyí tó ń tu ooru omi jáde. Ní kóńtà, ẹ kán omi lé etí síǹkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣù jọ, ó dára. Bó bá wọlé tó sì mú ojú igi dúdú, ó ti tó àsìkò láti tún un pa: ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi epo tín-ín-rín kùn ún.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí oníṣẹ́ yín kó àjẹkù pákó ìrókò tó bá gé lọ. Ẹ mú un, ẹ nù ún pẹ̀lú acetone bí mo ṣe wí, ẹ fi agolo epo kékeré kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ kán omi, epo pupa àti tíì sí i, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ nù ún kúrò, ẹ ya àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra agolo ńlá.



Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní Manchester.